Ẹni tó ní òun ò tíì yàn: ṣé ó ti yàn ná?

ỌMỌ ÀKÀBÀ (Kétu)
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo gbọ́ ìwàásù kan níbi òkú àgbà ní Kétu níhìn-ín, ní orílẹ̀-èdè Benin, ó sì ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Oníwàásù ní ohun méjì péré ló wà níwájú èèyàn, ìyè àìnípẹ̀kun àti ègbé. Ó ní ẹni tó bá sọ pé òun ò tíì yàn, ègbé ló ti yàn yẹn. Gbogbo ilé hó yèè, wọ́n ṣe Àmín. Tèmi kò jáde lẹ́nu.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Inú ìjọ ni wọ́n bí mi sí, mo sì gbà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kálukú yóò dáhùn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni bí wọ́n ṣe so "mi ò tíì" mọ́ "mi ò ṣe". Ẹni tí kò tíì jẹun àti ẹni tó da àwo oúnjẹ nù, ṣé orúkọ kan náà la ó pè wọ́n? Ẹ bá mi dá sí i.

OLÙKỌ́ ṢÁBẸ̀
Àbúrò, ìbéèrè yìí ti mú orí àwọn ọlọ́gbọ́n gbóná ṣáájú wa. Èmi kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Fílọ́sọ́fì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ lísè ní Ṣábẹ̀, torí náà ẹ má retí ẹsẹ Bíbélì lọ́wọ́ mi.

Oníwàásù yín kọ́ ló dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Blaise Pascal, ará Faransé tó kú ní 1662, ti sọ irú rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1670, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ní kò sí bí èèyàn ṣe lè yẹra fún títa tẹ́tẹ́ lórí bóyá Ọlọ́run wà, torí a ti wọ ọkọ̀ ná. Bí o bá ń gbé ayé rẹ bí ẹni pé Ọlọ́run wà, o ti ta sí apá kan. Bí o bá ń gbé e bí ẹni pé kò sí, o ti ta sí apá kejì. Ojoojúmọ́ lo ń jí, tí o ń sùn, tí o ń ná owó, tí o ń dárí ji èèyàn tàbí tí o kò dárí jì í. Ìwà wọ̀nyí kò lè dúró de ìgbà tí o bá rò ó tán.

Ibi tí mo ti ń bá Pascal jà ni pé ọ̀nà méjì péré ló rí. Ẹ wo Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nìkan: Kátólíìkì, Mẹ́tọ́díìsì, Sẹ̀lẹ́, mọ́ṣáláṣí, ojúbọ. Ta ló sọ pé tẹ́tẹ́ méjì la fẹ́ ta?

Lẹ́yìn rẹ̀ ni William James, ará Amẹ́ríkà, kọ tirẹ̀ ní 1896. Ó ní kí ìyàn tó lè mú èèyàn dáadáa, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó láàyè lójú ẹni náà, kó jẹ́ ohun tí kò ṣeé sá fún, kó sì tóbi. Bí wọ́n bá ní kí ará Amẹ́ríkà ayé ìgbà náà wá gba Máhídì, aṣáájú tí àwọn Mùsùlùmí ń retí nígbà ìkẹyìn, gbọ́, ìyàn òkú ni lójú rẹ̀, kò tilẹ̀ ní ronú sí i. Ní ti pé ẹ̀sìn kò ṣeé sá fún, ṣe ni James gbè sẹ́yìn oníwàásù yín. Ó ní ẹni tó ń dúró de ẹ̀rí ń pàdánù ire tó wà níbẹ̀, tó bá jẹ́ òótọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ̀ ọ́ pátápátá ṣe ń pàdánù rẹ̀. Àmọ́ kò pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ èèyàn yàtọ̀ sí pé ó jẹ̀bi.

ÌYÁ OUANDO (Àjàṣẹ́)
Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ Pascal, mo mọ Mátíù orí 25. Inú orí kan ṣoṣo yẹn, ìtàn mẹ́ta ló wà, kò sì sí ẹni tó fẹnu sọ pé "mo kọ̀" nínú wọn.

Àwọn wúńdíá márùn-ún tí ilẹ̀kùn tì mọ́ fẹ́ lọ síbi ìyàwó. Wọ́n wọṣọ, wọ́n gbé fìtílà dání. Òróró ni wọn ò mú. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ri tálẹ́ńtì mọ́lẹ̀ kò jalè, kò ná an ní ìnákúnàá, ó dá a padà pé pérépéré. Àwọn tó wà lápá òsì lọ́jọ́ ìdájọ́ ń bèèrè pé, "Olúwa, nígbà wo la rí ọ tí ebi ń pa ọ́?" Ẹnu yà wọ́n ni! Wọn ò mọ̀ pé àwọn ti yan nǹkan kan rí.

Nítorí náà, ọmọ mi, oníwàásù yẹn kò parọ́. Ibi tó ti ṣì í ni pé ó fi gbogbo rẹ̀ sí orí ẹnu, bí ẹni pé ẹni tó bá ti gbọ́wọ́ sókè níbi ìsọjí ti bọ́ nìyẹn. Nínú Mátíù orí 25, oúnjẹ, omi, aṣọ, aláìsàn, ẹlẹ́wọ̀n àti àlejò ni Olúwa béèrè.

Ọ̀NÀ TÓÓRÓ
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Ìyá wa, ẹ ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́. Jòhánù 3:18 ṣe kedere: ẹni tí kò gbàgbọ́, a ti dá a lẹ́jọ́ ná. Wọn ò ní "a máa dá a lẹ́jọ́ bó bá rò ó tán". Gbogbo wa la ti wà lábẹ́ ìdájọ́ kí wọ́n tó wàásù fún wa. Ìgbàgbọ́ ló ń yọ wá kúrò níbẹ̀. Ẹni tó dúró sójú kan, inú ilé tó ń jó ló dúró sí. Ìfẹ́ ló jẹ́ kí oníwàásù pariwo.

ÌYÁ OUANDO
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ka ẹsẹ tó tẹ̀ lé e, 19: ìmọ́lẹ̀ wá, àwọn èèyàn sì fẹ́ òkùnkùn ju ìmọ́lẹ̀ lọ nítorí iṣẹ́ wọn. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn ni ẹjọ́ náà dá lé.

ALFA ÀGÙDÀ (Àjàṣẹ́)
Salamu alaykum. Mùsùlùmí ni mí, ẹ jẹ́ kí n yọjú díẹ̀, torí ẹjọ́ yìí kan ilé wa.

Àwọn baba ńlá tiwa, wọ́n kó wọn lẹ́rú lọ sí Brazil. Olówó wọn ló ní kí àlùfáà ṣe ìrìbọmi fún wọn, wọ́n fún wọn lórúkọ tuntun, kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé etíkun wa, àwọn kan dúró sínú Kátólíìkì, àwọn kan jẹ́ Mùsùlùmí ní gbangba, orúkọ Potogí yẹn ṣì wà lára wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i ní Àjàṣẹ́ pé ilé kan náà ní Jọ̀ọ́jì àti Sálíù, tí mọ́ṣáláṣí ńlá wa sì ní ojú bíi ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bahia.

Ìbéèrè mi: ọjọ́ wo ni àwọn èèyàn yẹn yàn? Lọ́jọ́ tí wọ́n da omi lé wọn lórí, àbí lọ́jọ́ tí wọ́n dé ilé tí kò sí ẹgba lórí wọn mọ́? Lójú tèmi, ọjọ́ kejì ni. Àlùkùránì ní Súrà 18:29 ní kí ẹni tó bá wù gbàgbọ́, kí ẹni tó bá wù kọ̀. Níbi tí kò bá ti sí "tó bá wù", kò sí yíyàn níbẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ yẹn kan náà sọ ti iná fún àwọn tó kọ̀, torí náà àwa náà kò ní àárín. Ẹ má rò pé mo wá gbe ọmọ Kétu yìí o.

ỌMỌ AWO (Kétu)
Ẹ jẹ́ kí ilé Ifá náà sọ tirẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a ti yàn kí a tó dé. Àkúnlẹ̀yàn ni. Ẹ mọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń bọ̀ wáyé: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Àfùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀, onígbèsè tó máa ń sá fún àwọn olówó rẹ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ tààrà. Orí tó tóbi, tó dán, ni wọ́n gbé, wọn ò mọ̀ pé kò jiná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí dànù. Àfùwàpẹ́ yà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ kọ́kọ́, wọ́n dífá fún un, ó rúbọ. Iyọ̀ tó gbé dání ló fi ṣe oníbodè lóore, oníbodè sì bá a wá orí tó dára.

Ẹ wò ó dáadáa: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yàn, kò sì sí èyí tó lè fojú mọ orí rere. Ohun tó gba Àfùwàpẹ́ ni pé ó béèrè. Nítorí náà, nígbà tí oníwàásù bá ń kánjú mú èèyàn yàn lójú ẹsẹ̀, Oríṣẹ̀ẹ́kú ló ń sọ ọ́ dà.

OLÙKỌ́ ṢÁBẸ̀
Ọmọ Awo, o ṣeun gan-an. Èyí ni ìdáhùn tó dára jù tí mo ti rí sí Pascal, kò sì ti Faransé wá. Pascal ní kò sí bí o ò ṣe ní yàn. Ìtàn Àjàlá gbà bẹ́ẹ̀, torí kò sí ẹni tó lè wáyé láìgbé orí kankan. Síbẹ̀ ó fi kún un pé ẹni tó fi ìgbà díẹ̀ béèrè ọ̀nà kò fi ìgbà ṣòfò.

ỌMỌ ÀKÀBÀ (Kétu)
Mo ń gbádùn yín o. Nǹkan tí Alfa sọ ló mú mi rántí tiwa. Ní 1853 ni Àjàyí Crowther wá sí Kétu níbí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kú ṣáájú rẹ̀ kò gbọ́ orúkọ Jésù. Nígbà tó sì di 1886, Dáhòmì wó ìlú, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Àbọ̀mẹ́. Àwọn mìíràn gbọ́ díẹ̀, wọn ò gbọ́ tán, ogun dé. Ọ̀nà Tóóró, inú ilé tó ń jó yẹn kan náà ni wọ́n dúró sí?

Ọ̀NÀ TÓÓRÓ
Mi ò ní purọ́ fún ọ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Róòmù 10 béèrè pé báwo ni wọn yóò ṣe gbàgbọ́ láìgbọ́? Ìdí tí a fi ń lọ wàásù nìyẹn.

KÁTÓLÍÌKÌ ÀJÀṢẸ́
Póòlù tó kọ Róòmù 10 náà ló kọ Róòmù 2. Níbẹ̀ ó ní àwọn tí kò ní òfin Mósè ń ṣe ohun tí òfin wí nígbà mìíràn, ẹ̀rí-ọkàn wọn ni ẹlẹ́rìí wọn lọ́jọ́ tí Ọlọ́run yóò ṣe ìdájọ́. Lórí ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Ìgbìmọ̀ Fatikan Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, gbà kọ ọ́ sínú ìwé wọn Lumen Gentium ní 1964, ìpín 16: ẹni tí kò mọ Kristi láìjẹ́ pé ẹ̀bi tirẹ̀ ni, tó ń fi òótọ́ inú wá Ọlọ́run, tó sì ń gbìyànjú láti ṣe ìfẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀rí-ọkàn ṣe fi hàn án, oore-ọ̀fẹ́ lè mú un dé ìgbàlà.

Ẹ kíyè sí i, wọn ò ní kò yàn o. Bàbá bàbá rẹ ní Kétu yàn lójoojúmọ́, nígbà tó ń pín oko, nígbà tó ń ṣe ẹlẹ́rìí, nígbà tí àjèjì kan ẹnubodè. Ohun tí a gbé ka iwájú rẹ̀ ló yàtọ̀ sí èyí tí a gbé ka iwájú tìrẹ.

OLÙKỌ́ ṢÁBẸ̀
Mo fẹ́ fi ọwọ́ kan ojú egbò. Jésù sọ nínú Jòhánù 15:16 pé ẹ̀yin kọ́ lẹ yàn mí, èmi ni mo yàn yín. (Ẹ rí i, mo ṣì rántí katikísìmù.) Bí Ọlọ́run bá ti yan àwọn kan ṣáájú ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé bí Éfésù orí 1 ṣe wí, kí ni oníwàásù ń pariwo sí?

ÌYÁ OUANDO
Haa. Ìyẹn ló fọ́ ilé mọ́ àwọn èèyàn lórí. Ọ̀gọ́sítìn, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, ẹkùn Àlìjíríà òde òní ló ti ṣe bíṣọ́ọ̀bù, bá Pẹlágíọ̀sì, olùkọ́ ẹ̀sìn ayé ìgbà náà, fà á. Pẹlágíọ̀sì ní èèyàn lè fi agbára ara rẹ̀ yan rere. Ọ̀gọ́sítìn ní oore-ọ̀fẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ìgbìmọ̀ Kátéèjì dá Pẹlágíọ̀sì lẹ́bi ní 418. Ẹ tún wo ilẹ̀ Họ́láńdì: àwọn ọmọlẹ́yìn Arminius, olùkọ́ ẹ̀sìn kan níbẹ̀, ní èèyàn lè kọ oore-ọ̀fẹ́, Ìgbìmọ̀ ìjọ ní Dort sì kọ ẹ̀kọ́ wọn láàárín 1618 sí 1619. Wesley tiwa, tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, wàásù lòdì sí yíyàn-tẹ́lẹ̀ ní 1739, ọ̀rọ̀ náà sì já sí ìjà láàárín òun àti Whitefield, oníwàásù ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní Mẹ́tọ́díìsì ni pé oore-ọ̀fẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ lára gbogbo èèyàn kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Òun ló jẹ́ kí "bẹ́ẹ̀ ni" wa ṣeé ṣe, kò sì fi agbára mú un jáde. Ọlọ́run ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwa là ń dáhùn. Ẹni tí wọ́n bá sì bá sọ̀rọ̀, tó dákẹ́, ó ti dáhùn.

AṢỌ FUNFUN
Ìyá Ouando sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Samuel Biléhou Oschoffa, tó dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ wa sílẹ̀, káfíńtà ni ní Àjàṣẹ́ yìí. Igi ló wá lọ sínú igbó ní 1947, oòrùn sì ṣú lọ́jọ́ 20 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni a kà sí ọjọ́ ìdásílẹ̀ ìjọ wa. Kò lọ wá ìpè. Ìpè ló bá a. Ṣùgbọ́n ó lè gbé igi rẹ̀ kó sì padà sílé, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Jónà náà gbọ́, ó wọ ọkọ̀ ojú omi sí apá ibòmíràn.

ZÉMÌJÀN 24
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní tààrà. Olè tó wà lórí igi àgbélébùú, ìṣẹ́jú ìkẹyìn ló ronú, ó sì wọlé. Àwọn tó ṣiṣẹ́ wákàtí kan nínú ọgbà àjàrà gba owó kan náà pẹ̀lú àwọn tó ti jí lọ. Kí ló dé tí èmi ò ní jayé mi títí di àádọ́rùn-ún ọdún, kí n wá sọ "bẹ́ẹ̀ ni"? 😄

KÁTÓLÍÌKÌ ÀJÀṢẸ́
Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ ronú rẹ̀, àbúrò. Kọnsitántínì, ọba Róòmù, dúró títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kó tó ṣe ìrìbọmi ní 337. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ló ń sún un síwájú, wọ́n ní kí omi lè wẹ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Zémì wo, ọlọ́kadà bíi tìrẹ, ló mọ̀ pé òun ó dé àádọ́rùn-ún, lórí ọ̀nà tí à ń gùn yìí?

ÌYÁ OUANDO
Kí n fi kún un, ọmọ mi. O ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìyè àìnípẹ̀kun jẹ́ owó tí wọ́n ń san fún èèyàn lẹ́yìn tó bá kú, tí kò wúlò kí ọjọ́ yẹn tó pé. Jòhánù kò sọ bẹ́ẹ̀. Jòhánù 5:24 ní ẹni tó gbọ́, tó sì gbàgbọ́, Ó TI ní in, ó ti ré kọjá láti inú ikú sínú ìyè. Jòhánù 17:3 ní mímọ Ọlọ́run àti Jésù tó rán ni ìyè náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní òun ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ikú, àádọ́rùn-ún ọdún ìyè ló fi ṣòfò. Olè ọjọ́ yẹn kò fọgbọ́n sún un síwájú. Ìgbà tó rí Jésù ló dáhùn.

Ní ti àwọn tó ṣiṣẹ́ wákàtí kan, ìdí tí wọ́n fi dúró lọ́jà ni pé kò sẹ́ni tó gbà wọ́n síṣẹ́. Ka Mátíù 20:7.

ZÉMÌJÀN 24
Ẹ ti mú mi, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń gbé èrò.

OLÙKỌ́ ṢÁBẸ̀
Èmi ò tíì gbà. Bí ìyè yẹn bá tilẹ̀ wà, ṣé ó wuni? Ohun gbogbo tó ní adùn láyé ló ní òpin. Iṣu tuntun ń dùn nítorí pé ó ní àsìkò. Ayé tí kò lópin, ṣé kò ní sú èèyàn?

KÁTÓLÍÌKÌ ÀJÀṢẸ́
Bó bá jẹ́ ayé tí a mọ̀ yìí ni wọ́n fà gùn, yóò súni, mo gbà. Gírẹ́górì ti Nísà, bíṣọ́ọ̀bù ọ̀rúndún kẹrin, ronú sí i. Ó ní Ọlọ́run kò ní òpin, nítorí náà ẹni tó ń sún mọ́ ọn kò lè dé ibi tí yóò ti sọ pé òun ti yó. Bó ṣe ń rí i sí i ló ń fẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé irú ẹni tí o ń dà báyìí ló ṣe kókó. Ẹni tí kò fẹ́ mọ Ọlọ́run níhìn-ín, kí ni yóò máa ṣe lọ́hùn-ún?

OLÙKỌ́ ṢÁBẸ̀
Ìdáhùn gidi nìyẹn. Mi ò gbà á, ṣùgbọ́n n ó gbé e fún àwọn ọmọ kíláàsì mi kí wọ́n tú u.

ỌMỌ ÀKÀBÀ (Kétu)
Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ibi tí mo dé nìyí: mo gbà pé kò sẹ́ni tó lè ṣàì yàn, torí ọjọ́ kì í dúró. Mi ò gbà pé ẹni tó ń béèrè ti kọ̀. Ẹni tó ń béèrè ń dáhùn lọ́wọ́, bó bá jẹ́ pé òótọ́ ló ń wá. Ẹni tó ń fi ìbéèrè sá pamọ́, ìyẹn ti yàn, ẹjọ́ rẹ̀ sì dọ́wọ́ Ọlọ́run tó mọ ìyàtọ̀. Kì í ṣe oníwàásù níbi òkú ló yẹ kó dá a.

Ọ̀NÀ TÓÓRÓ
Mo fara mọ́ ìlàjì. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá òun ń béèrè ni tàbí òun ń sá? Ọkàn ń tan èèyàn jẹ. Mo mọ ẹni tó ti ń "wádìí" láti ìgbà tí mo ti dáyé.

ỌMỌ AWO (Kétu)
Ìbéèrè kan ló kù fún mi. Ọjọ́ Ìsinmi, mo ń bá ìyàwó mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá dé, èmi ni mo ń lu ìlù. Méjèèjì ló wù mí. Kí ni mo yàn?

ÌYÁ OUANDO
Mátíù 6:24, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó lè sin olúwa méjì.

KÁTÓLÍÌKÌ ÀJÀṢẸ́
Ìyá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í bóyá ìsìn ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lójú tirẹ̀ tàbí ọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá. Àwọn ọmọ ìjọ wa wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wòran.

ỌMỌ AWO (Kétu)
Wíwòran kọ́. Mo ní èmi ló ń lu ìlù.

ALÁBÒÓJÚTÓ
Ẹ ṣí ojú ewé mìíràn fún ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mo ti rí ibi tó ń lọ 😅. Ọmọ Awo, ìwọ ni kó o bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó o tún ìbéèrè rẹ kọ sókè níbẹ̀. Mo ti ibí yìí pa.